`destroy` kọ́ ló ń pa VM run: bá a ṣe ń ṣọ́ VM látojú tẹ́mínà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí kọmáǹdì tó ń jẹ́ `virsh destroy` (virsh la fi ń darí VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, lórí Linux), ṣe ni mo gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. VM kan ló gan mọ́ mi lọ́wọ́, mo ní kó shutdown kò dáhùn, mo ní kó reboot kò dáhùn, mo wá ń wá ohun tí màá fi pa á, bí mo ṣe rí i nìyẹn pé destroy lohun tó kàn. Èmi tí mo fi odindi ọjọ́ mẹ́ta to VM yẹn, kí n wá fọwọ́ ara mi destroy ẹ̀? Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dọjọ́ kejì, ó ń jẹ mẹ́mọ́rì lọ ní tiẹ̀, ẹ̀rù ń ba èmi. Ìgbà tẹ́nì kan tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wá sọ fún mi pé kò ju kéèyàn fa wáyà iná kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri lọ, ẹ̀rín pa mí, inú tún bí mi.

Ohun tó wá burú ńbẹ̀ ni pé kọmáǹdì tó lè pa nǹkan run gan-an, orúkọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n fún un. `undefine`. Ṣé ìyẹn jọ ohun tó lè ṣeèyàn ní jàǹbá? Ẹ lẹ `--remove-all-storage` mọ́ ọn báyìí, kò ní bi yín pé ṣé ó dá yín lójú, dísìkì VM náà ti lọ nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. VM méjì tórúkọ wọn jọra, méjèèjì ló wà ní pípa lọ́jọ́ yẹn, èyí tó ti gbó ni mo fẹ́ yọ kúrò, ọwọ́ mi tẹ orúkọ tuntun. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo kàn jókòó tí mò ń wo tẹ́mínà, tẹ́mínà náà ń wò mí bíi pé kò ṣe nǹkan kan.

Torí náà, ẹ má fi orúkọ kọmáǹdì mọ iṣẹ́ ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di VM kan, kọmáǹdì kọ̀ọ̀kan sì ní èyí tó ń fọwọ́ kàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá ti mọ ìyẹn, ẹ̀rù ò ní máa bà á mọ́ níbi tí kò yẹ kó bà á, á sì máa bà á níbi tó yẹ. Màá dé orí ẹ̀ láìpẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà kí wọ́n tó tẹ kọmáǹdì kankan rárá.

Orúkọ mẹ́rin

VM, kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà ni. Èyí tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn, tó ní mẹ́mọ́rì àti dísìkì gidi, màá máa pè é ní onílé. Èyí tó wà nínú ẹ̀, àlejò. Àlejò yìí ò mọ̀ pé àlejò lòun o, tẹ́ ẹ bá bi í, ó máa ní òun ní sípíyù méjì, òun ní mẹ́mọ́rì gígì mẹ́rin, òun ní dísìkì àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tòun, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ pátá ohun tí onílé yà á ni. Kì í ṣe nǹkan tuntun, ọdún 1972 ni IBM ti gbé VM/370 jáde fáwọn kọ̀ǹpútà ńlá wọn. Lórí kọ̀ǹpútà kéékèèké, VMware ti ń ṣe é látọdún 1999 pẹ̀lú ọgbọ́n sọ́fíwíà nìkan, àmọ́ ìgbà tí Intel lọ́dún 2005 àti AMD lọ́dún 2006 wá fi ìrànwọ́ ẹ̀ sínú sípíyù fúnra ẹ̀ ni nǹkan wá rọrùn gan-an. Ẹ lè wò ó bóyá tiyín ní in:

`grep -E 'vmx|svm' /proc/cpuinfo`

Tó bá mú nǹkan jáde, ó ní in, vmx ni ti Intel, svm ni ti AMD. Tí kò bá mú nǹkan kan jáde, ẹ lọ wo BIOS (ibi ètò kọ̀ǹpútà téèyàn ń wọ̀ kí Linux tó bẹ̀rẹ̀) ná kẹ́ ẹ tó sọ̀rètí nù, wọ́n sábà máa ń pa á síbẹ̀.

Lórí Linux wá, ẹ máa gbọ́ KVM, QEMU, libvirt àti virsh, àwọn èèyàn sì máa ń pè wọ́n mọ́ra bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. KVM wà nínú kernel Linux (ìpìlẹ̀ Linux tó ń darí irin kọ̀ǹpútà), ọdún 2007 ló wọ ibẹ̀ pẹ̀lú kernel 2.6.20, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó jẹ́ kí àlejò lo sípíyù onílé tààrà lọ. QEMU, tí Fabrice Bellard gbé jáde lọ́dún 2003, òun ló ń ṣe bíi dísìkì, tó ń ṣe bíi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó ń ṣe bíi skríìnì, gbogbo ohun tí àlejò ń rí tó ń rò pé irin ni, QEMU ló ń díbọ́n ẹ̀ fún un. libvirt, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, alábòójútó ni, òun ló ń rántí àwọn VM tẹ́ ẹ ní, òun náà ló sì ń bá yín pe QEMU pẹ̀lú gbogbo àlàyé gbọọrọ tí QEMU máa ń fẹ́ gbọ́. virsh ńkọ́? Ìránṣẹ́ lásán ni. Ẹ sọ̀rọ̀ fún virsh, virsh lọ sọ fún libvirt, libvirt pe QEMU, QEMU lo KVM.

Ìdí tí mo fi ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ báyìí ni pé ẹnì kan máa ti tẹ́mínà pa, á máa bẹ̀rù pé VM òun ti kú. Rárá o. Ìránṣẹ́ lẹ lé lọ. Kódà tẹ́ ẹ bá tún libvirt fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn VM tó ń ṣiṣẹ́ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún máa rí "domain" nínú gbogbo ìrànwọ́ virsh, kò kan domain wẹ́bú sáìtì rárá, VM náà ló ń pè bẹ́ẹ̀. Látọ̀dọ̀ Xen, sọ́fíwíà VM míì, lọ̀rọ̀ yẹn ti wá, torí Xen ni libvirt kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ṣiṣẹ́.

Nǹkan mẹ́ta tó para pọ̀ di VM

Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀. Fáìlì XML kan ni, ó wà nínú `/etc/libvirt/qemu`, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni iye sípíyù, iye mẹ́mọ́rì, ibi tí dísìkì wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so mọ́. Ìwé lásán, kò jẹ iná, kò jẹ mẹ́mọ́rì.

Ìkejì ni dísìkì ẹ̀. Fáìlì lòun náà o, tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà inú `/var/lib/libvirt/images` ló máa wà, qcow2, irú fáìlì dísìkì ti QEMU, ló sì sábà máa ń jẹ́. Gbogbo ohun tí àlejò ti kọ, tó ti fi sórí ẹ̀, tó ti tò jọ láti ọjọ́ tó ti dáyé, inú fáìlì kan yìí ló wà. Òun lọkàn VM. Ìwé tó bá sọnù, ẹ lè jókòó kẹ́ ẹ tún òmíì kọ lọ́wọ́ ọ̀sán kan, dísìkì tó bá sọnù tẹ́ ò sì ní bákọ́ọ̀pù, ó tán.

Ìkẹta ni process, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà tí VM bá ń ṣiṣẹ́ nìkan nìyí máa ń wà. Ẹ tẹ `ps aux | grep qemu` kẹ́ ẹ wò ó, ẹ máa rí i pé lójú Linux, VM tó ń ṣiṣẹ́ ò yàtọ̀ sí bíráwúsà tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀, process kan ni, ó ní nọ́ńbà tiẹ̀, ẹ lè rí i nínú `top` pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ojú yìí wo àwọn kọmáǹdì.

`virsh start orúkọ`: ó ka ìwé, ó bí process, ó so dísìkì mọ́ ọn. `virsh shutdown orúkọ`: kì í fọwọ́ kan ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra ẹ̀, ṣe ló ń kan ilẹ̀kùn àlejò, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì iná lára kọ̀ǹpútà gidi lẹ́ẹ̀kan, àlejò ló máa gbọ́ tó máa wá kó ẹrù ẹ̀ nílẹ̀ tó máa kú fúnra ẹ̀. Tí àlejò bá ti gan, tàbí tí kò sí ohun tó ń gbọ́ bọ́tìnì yẹn nínú ẹ̀, ẹ máa kan ilẹ̀kùn títí. Ẹ sì ṣọ́ra, virsh máa dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé VM náà "is being shutdown", kò túmọ̀ sí pé ó ti kú, ó túmọ̀ sí pé ó ti jíṣẹ́. Ẹ tẹ `virsh domstate orúkọ` kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

`virsh destroy orúkọ`: ó pa process. Ó parí. Ìwé wà níbi tó wà, dísìkì wà níbi tó wà, ẹ tẹ `start` ó tún jí. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ewu iná tó ṣàdédé lọ, ohun tí àlejò ò tíì kọ sórí dísìkì ti bọ́ nù, tó bá jẹ́ dátábéèsì ló wà nínú ẹ̀, ó lè nílò àtúnṣe díẹ̀ tó bá jí. Torí ẹ̀ ni kò fi yẹ kó jẹ́ ohun tọ́wọ́ ẹni á kọ́kọ́ lọ sí, àmọ́ fún VM tó ti gan, ohun tẹ́ ẹ máa lò náà nìyẹn.

`virsh undefine orúkọ`: ó fa ìwé ya. Dísìkì ṣì wà, àfi tẹ́ ẹ bá lẹ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè yẹn mọ́ ọn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé tẹ́ ẹ bá fa ìwé VM tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ya, kò ní kú, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ọjọ́ tó bá kú ló tó máa pòórá nínú lísìtì yín pátápátá. Ìyẹn lohun tó ń jẹ́ kéèyàn rí ààyè ṣàtúnṣe, tẹ́ ẹ bá tètè rí i, ẹ ní kó sọ ìwé ẹ̀ jáde látẹnu process tó ṣì wà láàyè, kẹ́ ẹ dá a padà:

`virsh dumpxml orúkọ > orúkọ.xml`
`virsh define orúkọ.xml`

Kódà láìsí wàhálà kankan, ẹ máa ṣe dumpxml sí ibòmíì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fáìlì kékeré ni, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni.

Ìkan tún wà tó máa ń mú kí àwọn èèyàn bínú: `virsh edit`. Ẹ ṣí i, ẹ sọ mẹ́mọ́rì di gígì mẹ́jọ, ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ wọ inú àlejò lọ ẹ ní kó reboot, ó jí padà, mẹ́rin ló ṣì wà. Ẹ tún ẹ̀ ṣe, mẹ́rin. Èèyàn á ní virsh ò dáa. Ìwé lẹ ṣàtúnṣe sí, ṣebí? Process tó ń ṣiṣẹ́ ti ka ìwé àtijọ́ nígbà tí wọ́n bí i, reboot láti inú àlejò kì í sì í pa process, àlejò nìkan ló ń sùn tó ń jí nínú process kan náà. Ẹ pa á pátápátá, kẹ́ ẹ tó `start` ẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò tó ka ìwé tuntun. Fún ohun tó ṣeé yí padà lójú ayé, ẹ lè fi `--live` kún kọmáǹdì bíi `setvcpus` tàbí `setmem`, `--config` sì ni fún ìwé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ méjèèjì ẹ kọ méjèèjì.

"Lísìtì mi ṣófo"

Èyí ò le àmọ́ ó ti gba ọ̀sán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ tẹ `virsh list`, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ dájú pé ẹ ní VM. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Ìkíní, `virsh list` lásán, àwọn tó wà láàyè nìkan ló ń kà, ẹ fi `--all` kún un kó lè ka àwọn tó wà ní pípa náà. Ìkejì, èyí tó jinlẹ̀ díẹ̀, ni pé libvirt ní yàrá méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo ẹ̀rọ, `qemu:///system`, ọ̀kan jẹ́ ti yúsà kọ̀ọ̀kan, `qemu:///session`. Tẹ́ ẹ bá fi sudo (agbára ọ̀gá ẹ̀rọ) ṣẹ̀dá VM, inú yàrá gbogbogbòò ló wà, tẹ́ ẹ bá wá tẹ virsh láìsí sudo, yàrá tiyín ló máa yẹ̀ wò, ó sì lè ṣófo lóòótọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí kó má sí àríyànjiyàn:

`virsh -c qemu:///system list --all`

Ibi `-c` yìí kan náà lẹ ti lè bá onílé tó wà níbòmíì sọ̀rọ̀, `qemu+ssh://yúsà@ẹ̀rọ/system`, ọ̀rọ̀ yín máa gba inú SSH (ọ̀nà ààbò téèyàn ń gbà wọ ẹ̀rọ tó wà níbòmíì) kọjá, ẹ ò ní ṣí pọ́ọ̀tù tuntun kankan. Ìdí gan-an tí mo fi fẹ́ràn tẹ́mínà ju àwọn ojú-ìwé aláwọ̀ mèremère lọ nìyẹn, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà bí ìgbín, tí ò lè gbé àwòrán kankan, ó máa gbé ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́ta.

Wíwo VM látìta, wíwo ó látinú

Ó dáa, VM ń ṣiṣẹ́, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ara ẹ̀ yá? Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀, torí ohun tí onílé ń rí àti ohun tí àlejò ń rí kì í sábà bára mu, kì í sì í ṣe pé ọ̀kan ń purọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí sípíyù. `virsh domstats orúkọ` máa da nọ́ńbà jáde lọ́pọ̀ yanturu, ẹ wá `cpu.time` níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn máa ń ga débi tó ń dẹ́rù bani, torí nanosẹ́kọ́ńdù ni, àpapọ̀ gbogbo àsìkò tí VM ti lo sípíyù látìgbà tí wọ́n ti tàn án sì ni. Ẹyọ kan ẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró fún ọgọ́ta sẹ́kọ́ńdù, ẹ tún un kà, kẹ́ ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Ká ní ó fi 30,000,000,000 lé sí i, ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdù iṣẹ́ nìyẹn nínú ọgọ́ta, ìyẹn ni pé ó lo ìdajì sípíyù kan. Tó bá fi ọgọ́fà sẹ́kọ́ńdù lé, ẹ má wulẹ̀ ya ẹnu, sípíyù méjì ló ń lò tán pátá. Ẹni tí ò bá fẹ́ máa ṣe ìṣirò, kó fi `virt-top` sórí onílé, ó dà bí `top` àmọ́ VM ló ń tò, òun ló máa bá yín yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà.

Látinú àlejò wá, ẹ tẹ `top`, ẹ wo ìlà sípíyù tó wà lókè, ẹ máa rí `st` níparí. Wọ́n ń pè é ní steal. Àsìkò tí àlejò fẹ́ ṣiṣẹ́ àmọ́ tí onílé ń dá ẹlòmíì lóhùn ló ń kà. Tó bá wà ní òdo tàbí súnmọ́ ọn, kò sí wàhálà. Tó bá ń ga, tí VM yín sì ń fà, ẹ lè tún ohun tó wà nínú àlejò ṣe títí di ọ̀la, ibẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wà, àwọn tó ń gbé inú ilé ló ti pọ̀ ju ilé lọ.

Mẹ́mọ́rì ló ń fa àríyànjiyàn jù. Ẹ tẹ `free -m` nínú àlejò, ó ní gígì kan péré lòun ń lò. Ẹ padà sọ́dọ̀ onílé, `top` ní process QEMU yẹn ti gba gígì mẹ́ta àti ààbọ̀. Ta ló ń parọ́? Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Onílé kì í fún àlejò ní gbogbo mẹ́mọ́rì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń fún un. Tí àlejò bá wá lo apá kan tó sì jù ú sílẹ̀, àlejò mọ̀ pé òun ti jù ú sílẹ̀, onílé ò mọ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un, lójú tiẹ̀ ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kàn ti di tiwọn. `virsh dommemstat orúkọ` ló ń fi ojú méjèèjì hàn lẹ́ẹ̀kan. `actual` ni iye tẹ́ ẹ yà fún un, `rss` ni iye tó ti gbà lọ́wọ́ onílé lóòótọ́, `unused` ni èyí tí àlejò ò lò fún ohunkóhun, `usable` ni èyí tó lè rí lò tí nǹkan bá le, tí wọ́n ti ka àwọn káàṣì tó lè dà nù mọ́ ọn. KiB ni gbogbo ẹ̀, torí náà 4194304 jẹ́ gígì mẹ́rin. Tó bá jẹ́ `actual` àti `rss` nìkan lẹ rí, kò sí dráífà balloon (èyí tó ń sọ ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì àlejò fún onílé) nínú àlejò, kò sì sẹ́ni tó lè bá yín wo inú ẹ̀ látìta. Èmi o, `usable` ni mo máa ń wò kí n tó gbà pé VM kan nílò mẹ́mọ́rì sí i, `rss` ni mo máa ń wò kí n tó gbà láti fi VM míì kún ilé.

Torí tẹ́ ẹ bá pín mẹ́mọ́rì ju èyí tẹ́ ẹ ní lọ, tí gbogbo wọn sì wá béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kernel onílé máa wá process tó tóbi jù láti pa, ta ló tóbi jù? VM yín. Ẹ máa jí láàárọ̀, VM ti kú, lóògù inú àlejò ò sọ nǹkan kan rárá torí kò ráyè sọ ọ́. Ẹ wo ti onílé, `journalctl -k | grep -i "out of memory"`, ẹ máa rí orúkọ qemu níbẹ̀.

Dísìkì náà ní tiẹ̀. qcow2 máa ń kéré níbẹ̀rẹ̀, á sì máa wú bí àlejò bá ṣe ń kọ nǹkan, torí náà ó rọrùn láti fún VM márùn-ún ní gígì 100 lọ́kọ̀ọ̀kan lórí dísìkì gígì 300, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. `virsh domblkinfo orúkọ vda` (vda ni orúkọ tí dísìkì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́) máa fi hàn yín, `Capacity` ni ohun tí àlejò rò pé òun ní, `Allocation` ni ohun tó ti gbà lóòótọ́. Ẹ máa ka àpapọ̀ `Capacity` gbogbo VM yín nígbà míì, kẹ́ ẹ fi wé dísìkì onílé, kẹ́ ẹ mọ gbèsè tẹ́ ẹ jẹ.

Ọjọ́ tí dísìkì onílé bá wá kún, VM ò ní kú, kò ní sọ̀rọ̀, ó kàn máa dúró sójú kan. Kò gbọ́ SSH, kò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ `virsh list` ní ó wà, ó kàn kọ `paused` síwájú ẹ̀. Ẹ béèrè ìdí:

`virsh domstate orúkọ --reason`

Tó bá ní `paused (I/O error)`, ẹ tètè lọ wo `df -h` lórí onílé. QEMU mọ̀ọ́mọ̀ dá àlejò dúró ni kó má bàa kọ nǹkan tí ò ní síbi tí yóò gbé e sí. Ẹ wá àyè, ẹ tẹ `virsh resume orúkọ`, á máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ látibi tó dé. Ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tó dáa jù tí wọ́n ṣe síbẹ̀ nìyẹn lójú tèmi. Ohun tí ò ní ràn yín lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ wọ inú àlejò lọ máa pa fáìlì rẹ́, torí qcow2 kì í dédé sún padà, àfi tí dísìkì náà bá ní `discard='unmap'` nínú ìwé ẹ̀ tẹ́ ẹ sì ṣe `fstrim`, tó ń sọ ibi tó ti ṣófo fún dísìkì, nínú àlejò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi `qemu-img`, irinṣẹ́ fáìlì dísìkì ti QEMU, ṣàtúnṣe sí dísìkì VM tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjì ò lè máa kọ̀wé sínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan, ó máa bàjẹ́.

Ti àdírẹ́sì IP, `virsh domifaddr orúkọ` tó tẹ́ ẹ bá ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì `default` ti libvirt, 192.168.122 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí VM bá so mọ́ bíríìjì, tó fi wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú onílé, libvirt kọ́ ló fún un ní IP, kò lè mọ̀ ọ́n, ẹ fi `--source agent` kún un tí qemu-guest-agent, ètò kékeré tó ń dá onílé lóhùn, bá wà nínú àlejò, tàbí `--source arp`.

Tẹ́ ẹ ò bá rí SSH wọlé ńkọ́? `virsh console orúkọ`. Ẹ máa rí ojú dúdú tí kò sọ nǹkan kan, ẹ tẹ Enter ná, ó ń dúró dè yín ni. Tó bá ṣì dákẹ́, àlejò ò tíì ṣí ojú `ttyS0` (ẹnu ọ̀nà tí console ń gbà wọlé) sílẹ̀, `systemctl enable --now serial-getty@ttyS0` nínú ẹ̀ ló máa ṣí i, ẹ ṣe é kí wàhálà tó dé, torí tó bá ti dé, ibo lẹ máa gbà wọlé ṣe é? Ọ̀nà àtijáde ni Ctrl pẹ̀lú `]`. Mo sọ ìyẹn torí mo mọ àwọn tó ti tẹ́mínà pa nítorí pé wọn ò rí ọ̀nà jáde.

Kí n tó gbàgbé, tí onílé bá pa tó sì jí, àwọn VM kì í sábà jí pẹ̀lú ẹ̀ àfi èyí tẹ́ ẹ bá ti sọ fún pé `virsh autostart orúkọ`. `virsh list --all --autostart` máa fi àwọn tẹ́ ẹ ti sọ fún hàn. Snapshot, ìyẹn ipò VM tẹ́ ẹ tọ́jú kẹ́ ẹ lè padà sí i, náà wà, `virsh snapshot-create-as orúkọ kí-n-tó-ṣe-àtúnṣe`, ó wúlò gan-an kéèyàn tó fọwọ́ kan ohun ẹlẹgẹ́, ṣùgbọ́n inú fáìlì qcow2 kan náà ló sábà máa ń wà, fáìlì yẹn bá bàjẹ́ gbogbo wọn bàjẹ́, ẹ má pè é ní bákọ́ọ̀pù.

Tẹ́ ẹ bá ń lò òmíì

Lórí VirtualBox, `VBoxManage list vms` ni gbogbo wọn, `list runningvms` ni àwọn tó wà láàyè, `controlvm orúkọ acpipowerbutton` ni kíkan ilẹ̀kùn, `controlvm orúkọ poweroff` ni fífa wáyà yọ. Lórí Hyper-V, PowerShell ni, `Get-VM` láti tò wọ́n, `Stop-VM` láti bẹ̀ ẹ́ kó kú, `Stop-VM -TurnOff` láti fa wáyà. Ẹ rí i, ìwé, dísìkì àti process náà ni gbogbo wọn ń fọwọ́ kàn, orúkọ ló ń yí padà.

Orúkọ tó ń yí padà yẹn ló kù tí mo fẹ́ sọ. Tẹ́ ẹ bá ti lo virsh títí tí `destroy` ò bà yín lẹ́rù mọ́, tẹ́ ẹ wá bọ́ sórí Proxmox, sọ́fíwíà míì tí wọ́n fi ń ṣọ́ VM, kọmáǹdì ibẹ̀ ni `qm`. `qm shutdown` ni kíkan ilẹ̀kùn, `qm stop` ni fífa wáyà. `qm destroy` náà wà. Ìwé àti dísìkì ló ń kó lọ, méjèèjì.

Látọjọ́ tí mo ti fi `undefine` pa dísìkì tí kò yẹ kí n pa rẹ́, ibikíbi tí mo bá wà, mi ò ní tẹ kọmáǹdì tó ń yọ nǹkan kúrò láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ tẹ èyí tó ń fi dísìkì hàn. Lórí virsh, `virsh domblklist orúkọ`. Mo máa ka orúkọ fáìlì yẹn jáde síta bí aláìsàn orí, lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó tẹ ìkejì.